Ọkọ Ni, Tàbí Ọkọ̀?

Ọ̀rọ̀ fóònù ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe ti ẹwà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àwòrán tí ó lè yà, nítorí àwọn tí ń tà á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè yóò sọ ìyẹn fún yín láìjẹ́ pé ẹ bèèrè. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí ó bá lè kọ èdè wa.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní Abigi, ní Ogun Waterside. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ọmọ náà fẹ́ wá kí ìyá rẹ̀. Kí ó tó dé ibùdókọ̀, ọkọ̀ ti gbéra, kò sì sí òmíràn. Ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé: “Ma, oko mi ti lo. N ko le wa mo.” Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sì ti wà lórí àìsàn láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wò ó, ta ni yóò ka “ọkọ̀” níbẹ̀? Ìyá náà fi igbe ta, àwọn aládùúgbò péjọ, ẹnìkan tilẹ̀ ti ń ṣírò owó ọkọ̀ àwọn tí yóò lọ sìnkú. A pe ọmọ náà títí, fóònù rẹ̀ kò wọlé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí a tó gbọ́ ohùn rẹ̀, tí ó ní òun àti ọkọ òun ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ tí ó ṣẹ́kù lálẹ́ àná.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ ìwòyí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan a máa gba lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n nínú àwọn lẹ́tà tí a là sílẹ̀ fún un ní Yúróòpù, kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ. È àti ò wà níbẹ̀. Á àti ó kò sí. Bí ẹ bá ti fi ẹyọ ọ kan ṣoṣo sínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò yípadà sí irú ìkọ̀wé mìíràn, lẹ́tà 70 péré ni yóò sì gbà. Nítorí náà, ẹni tí ó kọ Yorùbá bí ó ti yẹ lè san owó méjì tàbí mẹ́ta níbi tí ẹni tí ó kọ ọ́ ní jákujàku ti san ẹyọ kan. Ìyẹn kì í ṣe ìyà kékeré fún obìnrin tí ń ta ẹja ní Iwopin.

Ti àmì ohùn tún wà. Unicode, ètò tí àwọn kọ̀ǹpútà ayé fi ń dá lẹ́tà mọ̀, fún ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó fún é ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni a ń so pọ̀, bí fóònù kò bá sì mọ̀ ọ́n ṣe, àmì náà yóò sún sí ẹ̀gbẹ́ bí fìlà tí afẹ́fẹ́ gbé. Bẹ́ẹ̀ ni àmì abẹ́ lẹ́tà kì í ṣe nǹkan titun: ó wà nínú odindi Bíbélì Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1884.

A dúpẹ́, ọ̀nà ti ń là. Dókítà Túndé Adégbọlá àti ilé-iṣẹ́ Alt-I ní Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa kọ Yorùbá. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní YorubaName náà fi tiwọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí fóònù Android, Gboard ti Google ní Yorùbá. Mo ti lò ó fún oṣù kan, ó sì yá lọ́wọ́ ju bí mo ti rò lọ. WhatsApp kì í gba owó lórí iye lẹ́tà bí àtẹ̀jíṣẹ́. Àwọn àgbà tí ń lo fóònù kékeré oníbọ́tìnnì ni ìrànlọ́wọ́ yìí kò tí ì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Bí ẹ bá ń ra fóònù fún ìyá yín, ẹ má ṣe san owó kí ẹ tó dán an wò. Ẹ kọ ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ sórí tiyín, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí titun náà níwájú ẹni tí ń tà á. Bí àpótí kékeré bá hàn ní ipò lẹ́tà, ẹ dá a padà sórí àtẹ.