Ọmọ Tí A Ń Pè Ní Ọ̀lẹ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sínú ìwé ẹgbẹ́ wa ní ìgbà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣògo. Àṣìṣe tí àwa tọkọtaya ṣe lórí ọmọ wa ni, a sì rò pé ó yẹ kí àwọn òbí yòókù gbọ́ ọ.

Sábọ́n Gàrí ní Kano ni a ń gbé, aṣọ ni a sì ń tà. Ẹni tí ó bá mọ ọjà wa yóò mọ̀ pé ilẹ̀ a máa ṣú kí a tó ti ìlẹ̀kùn. Bí a bá fi máa délé, agogo mẹ́sàn-án ti lù. Ìgbà náà ni a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná, tí a óò tan jẹnẹrétọ̀, tí tẹlifíṣọ̀n yóò sì máa sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ yóò bá wa jẹun, wọn yóò fi fóònù wa ṣeré, agogo mọ́kànlá yóò sì lù kí ẹnikẹ́ni tó rántí ẹní.

Ọmọ wa kejì, ọkùnrin, jẹ́ ọmọ ọdún 9. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 3, ojoojúmọ́ ni ó ń sun oorun ọ̀sán. Kí ó tó pé ọmọ ọdún 6, oorun ọ̀sán ti fi í sílẹ̀. Èyí kò yà wá lẹ́nu, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin náà. Ohun tí a kò kíyè sí ni pé bí oorun ọ̀sán ti lọ, òru nìkan ni ó kù tí ọmọ náà lè sùn, àwa sì ń gé òru náà kúrú. Agogo márùn-ún àbọ̀ òwúrọ̀ ni a ń jí i fún ilé ìwé, jíjí rẹ̀ sì di ogun. A ó pè é, a ó gbọ̀n ọ́n, a ó wọ́n omi sí i lójú. Nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa pé ó ń sùn ní kíláàsì, a pè é ní ọ̀lẹ. Ọ̀kan nínú wa mú pankẹ́rẹ́, èkejì dákẹ́. Nítorí náà, àwa méjèèjì ni a nà án.

Màmá wa ni ó là wá lójú. Wọ́n wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní alẹ́ ọjọ́ kan wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ mọ̀ pé ọmọ tí ó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní sùn. Èwo wá ni ti ìyá àti bàbá tí wọ́n ní kí ọmọ àwọn má sùn?" A dá wọn lóhùn pé, ṣebí àwa náà jókòó gbọ́ àlọ́ lálẹ́ nígbà èwe wa. Wọ́n ní, "Àlọ́ a máa parí, ọmọ a sì sùn. Tẹlifíṣọ̀n yín kì í parí."

Nọ́ọ̀sì kan tí a fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ṣàlàyé fún wa. Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí ń tọ́jú oorun ní Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ pé ọmọ ọdún 6 sí 12 ní láti sun wákàtí 9 sí 12 láàárín ọ̀sán àti òru kan. A ka ti ọmọ wa lórí ìka: wákàtí 6 àbọ̀ péré! Ní òru 5 tí ilé ìwé fi ń lọ, wákàtí 12 àbọ̀ ni a ń jẹ ẹ́ ní gbèsè, síbẹ̀ àwa ni a ń nà án. Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe gbogbo ọmọ tí oorun kò tó ni í máa tòògbé. Òmíràn a máa bínú, òmíràn a máa gbàgbé ẹ̀kọ́, òmíràn kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́.

Ìwà oorun mìíràn wà tí ọmọ máa ń gbé dàgbà. Láti ọmọ ọwọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń tètè sùn tí ó sì ń tètè jí. Àbúrò kò rí bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n pé ọmọ ọdún 13 báyìí, oorun rẹ̀ sì ti ń pẹ́ dé. Nọ́ọ̀sì ní bí ọmọ bá ti ń bàlágà, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ máa ń yí sí oorun pípẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ ọdún 13 sí 18 ṣì nílò wákàtí 8 sí 10. Nítorí náà, ìgbà kékeré ni ó yẹ kí a fi ẹsẹ̀ àṣà rere múlẹ̀.

Ohun tí a ṣe nìyí. Ọ̀kan nínú wa ń kúrò ní ọjà ní agogo mẹ́fà àbọ̀, bí a tilẹ̀ ń pàdánù àwọn oníbàárà ìrọ̀lẹ́. Fóònù ń sùn ní yàrá wa. Díẹ̀díẹ̀ ni a fa àkókò oorun wá sẹ́yìn, títí ó fi di agogo mẹ́jọ àbọ̀. Nígbà ooru oṣù Kẹrin, tí ògiri ṣì ń gbóná ní òru, a ń tẹ́ ẹní fún wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn.

Ọmọ wa kò tíì di ẹni tí ń bá àkùkọ jí. Yóò ṣì jókòó sí etí ibùsùn, yóò máa wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n omi àti pankẹ́rẹ́ ti tán, olùkọ́ kò sì ránṣẹ́ mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó bi wá pé, "Ṣé ẹ ò ní pè mí ní ọ̀lẹ mọ́?" A kò mọ ohun tí a lè wí. A bẹ̀ ẹ́. Àgbà kì í sábà bẹ ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ gbèsè ni í bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, kí a tó mú pankẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka wákàtí. Màmá ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní àlàáfíà, wọ́n sì ní kí a kí gbogbo yín. Ó dàárọ̀ o.