Àwọsánmà Inú Ilé

Bí òbí kan bá mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ aránṣọ láti kọ́ṣẹ́, ọ̀gá náà kò ní gbé léèsì oníbàárà lé ọmọ náà lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Bébà àpò sìmẹ́ǹtì ni ọmọ yóò kọ́kọ́ máa fi sísọ́ọ̀sì gé. Lórí bébà yìí ni yóò ti wọn ọrùn, tí yóò ti gé apá, tí yóò sì ti ṣe àṣìṣe títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ́ iṣẹ́ náà lára. Bí ó bá gé e kù, kò sí ẹni tí yóò sunkún. Bébà ṣáà ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá gé léèsì kù, ọ̀rọ̀ di ti owó, ó sì lè di ti ẹjọ́.

Àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà náà ní bébà sìmẹ́ǹtì tiwọn. Kí òǹkàwé tó lè mọ ìwúlò rẹ̀, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ irú aṣọ tí wọ́n ń bẹ̀rù láti gé.

Ní oṣù kẹta ọdún 2006, iléeṣẹ́ Amazon ní Amẹ́ríkà ṣí ilé ìkẹ́rùpamọ́ kan tí wọ́n pè ní S3 sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kó ìwé, àwòrán àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ pamọ́ síbẹ̀, kí ó sì máa san owó ìwọ̀n àyè tí ó gbà. Google àti Microsoft náà ń ta irú ọjà yìí. Òun ni àwọn òyìnbó ń pè ní cloud, èyí tí í ṣe àwọsánmà. Orúkọ náà lè tan ènìyàn jẹ, nítorí kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀run: ilé ńláńlá ni, tí ó kún fún ẹ̀rọ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ètò tí ènìyàn jókòó kọ ní Yábàá kì í sì í dédé bá àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ kan ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ láàárín wọn. Òun ni wọ́n ń pè ní client library. Ètò yóò wí fún ògbufọ̀ pé kí ó bá òun fi àkọsílẹ̀ kan pamọ́. Ògbufọ̀ yóò sọ ọ́ ní èdè tí ilé ẹ̀rọ gbọ́, yóò fi kọ́kọ́rọ́ tí ó jẹ́ àmì ìdánimọ̀ ẹni tí ó rán an hàn, yóò sì mú èsì padà wá.

Níbi ìdánwò ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ń kọ ètò kì í kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ó yọrí. Yóò kọ díẹ̀, yóò dán an wò, yóò tún un ṣe, yóò sì tún un dán wò. Ó lè ṣe èyí ní ìgbà ọgọ́rùn-ún kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá jẹ́ pé àwọsánmà gidi ni ó ń rán ògbufọ̀ lọ ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, owó lè máa jò díẹ̀díẹ̀, dọ́là ni wọ́n sì kọ sí ara ọjà náà. Yàtọ̀ sí ti owó, ọ̀nà pàápàá lè dí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, mẹ́rin nínú àwọn okùn tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun, àwọn ni WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ ní tòsí etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì di ọ̀wọ́n ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò lè dán iṣẹ́ rẹ̀ wò láìjẹ́ pé ó gba òkun kọjá yóò kàn jókòó ni, yóò máa wojú ẹ̀rọ.

Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́jà wọ̀nyí fúnra wọn fi ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní emulator, èyí tí í ṣe afarawé. Ètò kan ni, tí ènìyàn ń gbé sínú kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, tí yóò sì máa dáhùn bí ẹni pé òun ni àwọsánmà. Ní ọdún 2012 ni Amazon gbé DynamoDB jáde, èyí tí í ṣe àká àkọsílẹ̀; ní ọdún 2013 ni wọ́n ṣe DynamoDB Local, afarawé rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó yóò sọ fún ògbufọ̀ pé kí ó má ṣe jáde nílé mọ́, kí ó lọ kan ilẹ̀kùn localhost:8000, èyí tí ó jẹ́ àdírẹ́sì inú ẹ̀rọ náà gan-an. Ti Google tilẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pub/Sub wọn, tí ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ètò kan tí ó sì ń jẹ́ ẹ fún òmíràn bí ilé ìfìwéránṣẹ́, ní afarawé tirẹ̀. Bí ènìyàn bá ti kọ localhost:8085 sí abẹ́ orúkọ PUBSUB_EMULATOR_HOST kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ yóò rí i fúnra wọn, wọn yóò yí ẹsẹ̀ padà sínú ilé, wọn kò sì ní mú kọ́kọ́rọ́ kankan dání. Fún irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò yí padà nínú ètò tí oníṣẹ́ kọ. Ètò tí ó fi ṣeré nílé náà ni yóò gbé lọ sí ọjà.

Ṣùgbọ́n bébà kì í ṣe léèsì. Bébà kì í yọ̀ lọ́wọ́, kì í fà, etí rẹ̀ kì í sì í tú. Bákan náà ni àánú afarawé pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá bá DynamoDB gidi ṣe àdéhùn ìwọ̀n kíkà àti kíkọ tí yóò máa lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò rí i pé wọ́n ń dá iṣẹ́ rẹ̀ padà bí ó bá ré kọjá ìwọ̀n náà. Ti inú ilé kò tilẹ̀ wo ìwọ̀n. Ní òde, ẹni tí ó kọ nǹkan tí ó sì kà á lójú ẹsẹ̀ lè bá ti àtijọ́ níbẹ̀, àfi bí ó bá sọ ọ́ gbangba pé tuntun ni òun ń béèrè, nítorí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, wọn kì í sì í gbọ́ ìròyìn lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ilé, ojú kan náà ni ohun gbogbo wà. Pub/Sub gidi kì í tọ́jú iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbà ju ọjọ́ méje lọ bí wọn kò bá sọ fún un pé kí ó ṣe òmíràn. Afarawé rẹ̀ kì í da ọ̀kankan nù. Èyí tí ó sì ń dójú ti ọ̀dọ́ oníṣẹ́ jù lọ ni ti kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ irọ́ ń ṣí DynamoDB Local. Òun yóò ti dán iṣẹ́ rẹ̀ wò fún oṣù kan láìsí ẹni tí ó bi í léèrè orúkọ. Ní ọjọ́ tí ó pe àwọn oníbàárà jọ láti wá wo iṣẹ́ náà ni adènà àwọsánmà yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè pé, 'Ta ni ọ́? Ta ni ó fún ọ láṣẹ?'

Síbẹ̀, ìtìjú yóò kọjá. Ewu kan wà tí kì í kọjá bẹ́ẹ̀, inú ìrọ̀rùn náà ni ó sì ti ń wá. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ àdírẹ́sì nìkan ni ó ya eré sọ́tọ̀ kúrò lára òótọ́, ẹni tí ó bá sọ àdírẹ́sì náà nù kò ní mọ̀ pé òun ti jáde nílé. Ọ̀pọ̀ ni ó ń kọ PUBSUB_EMULATOR_HOST sí ojú fèrèsé kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà; bí wọ́n bá ti ti fèrèsé náà tí wọ́n sì ṣí òmíràn, orúkọ náà ti pòórá, ògbufọ̀ yóò sì gba ọ̀nà òde lọ láì dágbére. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdánwò ni ó jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí ó ń ṣe ni kí ó gbá ilẹ̀ mọ́, kí ó pa gbogbo ohun tí ó bá níbẹ̀ rẹ́. Bí ó bá jẹ́ àkọsílẹ̀ oníbàárà ni ó bá níbẹ̀ ńkọ́? Bí wọn kò bá ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn, ẹ̀bẹ̀ kò lè dá a padà.

Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ dáadáa kì í fi kọ́kọ́rọ́ gidi sí orí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ ètò. Ti irọ́ ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá ṣìnà dé òde, adènà yóò lé e padà, oníṣẹ́ yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan kan ti yí. Àwọn kan lè rò pé ojo ni ẹni tí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Aránṣọ tí ó ti gé léèsì oníléèsì kù rí kò ní rò bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí bébà bá ti gún, wọn a wá ya ibì kan sọ́tọ̀ nínú àwọsánmà gidi, níbi tí kò sí ẹrù oníbàárà kankan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dán ohun tí afarawé kò lè fi hàn wò: àṣẹ, ìwọ̀n, àti ìdádúró. Kì í ṣe ìgbà ọgọ́rùn-ún lóòjọ́ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ní alẹ́ tó, nígbà tí iṣẹ́ ọjọ́ bá ti parí.