Gbúre Ń Tanná Lẹ́yìnkùlé

Tí òjò oṣù Kẹta bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsọlọ̀ ti kún nìyẹn. Imí-eṣú á yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò, patanmọ́ á gbé tiẹ̀ jáde rìbìtì-rìbìtì, gbúre náà á tanná lẹ́bàá kànga. Kò sẹ́ni tó gbin ìkankan nínú wọn. Ojúlé mẹ́fà la jẹ́, orúkọ kan ṣoṣo sì ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ wọ́n sí: èpò.

Èpò ò ṣeé fojú di ṣá o. Ejò lè sá pamọ́ síbẹ̀, ẹ̀fọn náà ń sinmi síbẹ̀ lọ́sàn-án. Kí Èkó tó dá òfin má-jàáde ọjọ́ ìmọ́tótó dúró lóṣù Kọkànlá ọdún 2016, gbogbo wa la jọ máa ń gbé àdá àti ọkọ́ jáde láàárọ̀ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Ní báyìí, kálukú ń sáré owó. Ìyẹn ni wọ́n fi dábàá lọ́dún yìí pé ká dáwó, ká ra oògùn apakoríko, ká fín in lẹ́ẹ̀kan, ká sinmi.

Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n kànga yẹn la ti ń pọnmi fọ abọ́, gbúre yẹn náà là ń já sọ́bẹ̀ tọ́jà bá wọ́n. Oògùn tí wọ́n gbé wá ò tiẹ̀ ní ìwé lára. Paraquat wà nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀: díẹ̀ téèyàn bá gbé mì lè pa á, kò sì ní ẹ̀rọ̀. NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2024. Ta ló máa fọwọ́ sọ̀yà pé òun kọ́ ló wà nínú ike yẹn?

Màmá tó ń gbé yàrá iwájú ló là á mọ́lẹ̀: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọbẹ̀ lẹ fẹ́ pa yẹn o."

Lóòótọ́, ta ló ń pinnu ohun tó ń jẹ́ èpò? Lọ́dún 2009, nígbà tí ìjọba Fáṣọlá kó àwọn ìsọ̀ kúrò ní Òṣòdì, wọ́n gbin koríko àti òdòdó síbẹ̀. Níbẹ̀, koríko ni wọ́n ń tọ́jú, ẹni tó ń tajà ni wọ́n tu.

Àdéhùn wa nìyí: ká ro imí-eṣú kí òdòdó ẹ̀ tó di irúgbìn, ká fa patanmọ́ tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò lẹ́yìn òjò, nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀, ojúlé kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Gbúre dúró. Owó tá a ti dá la fi ra ọkọ́ méjì.