Láti Ọ̀tà dé Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀nà Ọ̀tà sí Lọ́ńdọ̀nù pín sí méjì: ti ilẹ̀ àti ti òfuurufú. Láti Ìkẹjà dé Lọ́ńdọ̀nù tó nǹkan bí 3,100 máìlì; bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú fi ń fò ó bí kò bá yà síbìkan. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Aureol ń ná Èkó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1951 di 1974, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni èrò ń lò lórí òkun.

Ṣùgbọ́n láti Sángo dé pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà kò pé 20 máìlì, ibẹ̀ gan-an sì ni àníyàn wà. Ọkọ̀ akẹ́rù ilé-iṣẹ́, èrò ọjà, àti ọkọ̀ tí ń bọ̀ láti Ìdírókò, oríta Sángo ni gbogbo wọn ti ń pàdé. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn lókè òkun lè wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú bá gbéra.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ọ̀tà, a rọ̀ yín: ẹ má fi máìlì ka ọ̀nà yìí, wákàtí ni kí ẹ fi kà á. Bí ọkọ̀ yóò bá gbéra ní òwúrọ̀, ẹ lọ sùn sí ìtòsí Ìkẹjà.