Lẹ́tà Ara Irin

Ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín o. Àwa tọkọtaya kò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ̀ lórí omi dídì rárá, síbẹ̀ a ra bàtà yìnyín àtijọ́ kan ní ọjà àlòkù níbí ní Jámánì. Igi ni wọ́n fi ṣe ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ igi náà, orí rẹ̀ ká sókè bí ìrù alágẹmọ. Síkúrù kan yọrí jáde níbi gìgísẹ̀, òun ló máa ń wọ ìdí bàtà tí èèyàn wọ̀. Ọ̀já awọ ló ń di ìyókù mú. Awọ ti gbẹ, irin ti dípẹtà.

A ò tiẹ̀ ronú. A mú sáńpépà, a gbé ẹsẹ̀ òsì, a ha á láti àárọ̀ títí irin fi ń dán. A ya fọ́tò, a fi ránṣẹ́ sílé. Ìgbà tí a wá wo fọ́tò tí a ti yà ṣáájú la rí i: lẹ́tà bíi mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Àmì ẹni tó ṣe é. Fọ́tò yẹn ṣú, kò ṣeé kà. A sáré yẹ irin wò. Ó mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Ẹni tó bá ń kọ kóòdù bíi tiwa mọ bó ṣe ń rí: o ti pa á rẹ́, o ò sì ní ẹ̀dà.

Ìyẹn ló jẹ́ ká máa kà nípa Remscheid, ìlú orí òkè tí wọ́n mọ̀ mọ́ irinṣẹ́ àti bàtà yìnyín. Omi odò ló ń yí kẹ̀kẹ́ tó ń gbé òòlù ńlá níbẹ̀ láyé àtijọ́. Alágbẹ̀dẹ á lu irin, á kì í bọ iná, á rì í bọ omi kó lè le. Tó bá le jù, á kán. Tó bá rọ̀ jù, ojú rẹ̀ á tètè kú. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ẹni tó ń pọ́n ọn, torí pé etí irin ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ní Haithabu, ní àríwá Jámánì, eegun ẹran ni wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ nígbà láéláé. Eegun ń yọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò lè gé omi dídì, ọ̀pá ni wọ́n fi ń ti ara wọn síwájú. Irin ní tiẹ̀ ní etí tí ẹsẹ̀ lè fi tì í.

Àwọn tó ń pọ́n irin lágbègbè yẹn ń fa eruku òkúta símú lójoojúmọ́. Ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ò sì pẹ́ láyé. Àwa rèé, a fi ìbòmú bo imú nítorí iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì wà bó ṣe wà. Òróró díẹ̀ àti àkísà la fi ń nù ún báyìí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà kan ti ń yọjú. Ọ̀kan nínú wa ní K ni, èkejì ní R ni.