Ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ ń ké nígbó Ọ̀rẹ̀, ta ló fẹ́ bá wọn kà á?

Ẹni tó bá ń ti Èkó lọ sí Bìní kò ní í ṣàìmọ Ọ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni mọ́tò ti máa ń dúró jẹun, ibẹ̀ náà ni ogun ti gbóná lọ́dún 1967, táwọn èèyàn fi ń sọ ọ́ dòní pé, 'Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!' Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá yà kúrò lójú títì lálẹ́, tó forí lé ọ̀nà igbó ọba Olúwa, nílẹ̀ Òdìgbò, tí ariwo tírélà rọlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, igbe òwìwí ló kù tó lè gbọ́.

Ẹ̀rù rẹ̀ ń bani, kò sírọ́ ńbẹ̀. Ṣebí àwọn àgbà ló ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń yìnbọn fún un, tí òkú rẹ̀ fi ń dé àtẹ lẹ́kùlẹ́jà. Bẹ́ẹ̀, eku ló ń jẹ! Odindi ló ń gbé e mì, tó bá yá, á pọ irun àti eegun rẹ̀ dà nù. Lórílẹ̀-èdè Malaysia, àwọn tó ń gbin ọ̀pẹ ń kan àpótí fún òwìwí kó máa gbénú ẹ̀, kó lè bá wọn lé eku.

Láti ọdún 2015 ni iléewé ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ tó wà ní Jọ́ọ̀sì, APLORI, ti ń kó àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn jọ láti kọ ẹyẹ Nàìjíríà sílẹ̀, àdúgbò kan tẹ̀lé òmíràn. Ní ti òwìwí, etí ni wọ́n fi ń kà á. Wọ́n á dúró sójú kan, wọ́n á pa tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bó bá ké, wọ́n á kọ aago àti ibi tó ti ké sílẹ̀, wọ́n á sì rìn jìnnà díẹ̀ kí wọ́n tó tún dúró, kí wọ́n má baà ka ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá a lọ o! Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún baálẹ̀ àtàwọn ọdẹ, kí ìbọn má baà ṣìnà.

Inú ihò igi ńlá lọ̀pọ̀ òwìwí ń yé sí, igi ọ̀hún sì làwọn onígẹdú ń gé. Bí kò bá sẹ́ni tó kà wọ́n, lọ́jọ́ tí igbó bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀?