Àjò Wa sí Ilé-Ogbó: Alábàáṣe Ẹ̀gẹ́ Tí Ojú Kò Rí

A gba ọ̀nà Ìwó dé Ilé-Ogbó, tí í ṣe olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ayédíré, láti kí ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ ìbátan wa. A kò tíì mu omi tán tí ó fi mú wa lọ sí oko rẹ̀. Ní apá kan, ẹ̀gẹ́ tutù yọ̀yọ̀. Ní apá kejì, níbi tí ìyá ti ta erùpẹ̀ òkè ilẹ̀ fún àwọn tí ń kún ìpìlẹ̀ ilé, ẹ̀gẹ́ kò ga ju orúnkún lọ, ewé rẹ̀ sì pọ́n.

“Ẹ̀yin akọ̀wé,” ni ìyá wí, “ọjọ́ kan náà ni mo gbìn wọ́n. Àbí wọ́n ti gégùn-ún fún ilẹ̀ mi ni?”

A ní, “Rárá o, ìyá. Ẹ̀gẹ́ yín ni ó pàdánù alábàáṣe rẹ̀.”

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbátan olú ni alábàáṣe yìí, ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ni ó ń gbé. Glomus ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé kan nínú wọn. Fọ́nrán rẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ó ń wọ inú gbòǹgbò, ó sì ń nà dé ibi tí gbòǹgbò kò lè dé, láti kó oúnjẹ ilẹ̀ wá, pàápàá èyí tí à ń pè ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ohun ọ̀gbìn a sì fi ṣúgà tí ewé rẹ̀ ṣe nínú oòrùn san án padà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ní 1885 ni A. B. Frank, ará Jámánì, sọ irú àjọṣe báyìí ní mycorrhiza. Àgbàdo, iṣu àti kòkó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ gbára lé e gidigidi, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kò pọ̀. Fọ́nrán wọ̀nyí tún ń di erùpẹ̀ mú kí òjò má baà wọ́ ọ lọ. Ẹni tí ó bá kó ilẹ̀dú lọ, ó kó wọn lọ pẹ̀lú. Bí ilẹ̀ bá sì wà ní ìhòòhò pẹ́, wọn a máa dínkù.

A gba ìyá nímọ̀ràn kí ó fi ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ láti ìdí ẹ̀gẹ́ tí ó yè sínú ebè kọ̀ọ̀kan, kí ó da ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí i, kí ó sì gbin ẹ̀wà sí àárín.

Kí a tó gbéra, àwọn oníerùpẹ̀ tún dé, wọ́n na owó sí i. Ìyá wo owó náà, ó wo ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí wọn máa wa ọkọ̀ wọn lọ.